Wọ́n Kọjá Lára Wa Ni

Gbólóhùn kan wọ̀ mí lọ́kàn ní oṣù Kínní ọdún 2025, kò sì jáde títí oṣù Kẹta fi ń parí lọ. Ẹni tó sọ ọ́ ò tilẹ̀ gbójú sókè nígbà tó ń sọ ọ́. Ó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ mi, ó ń tú táyà iwájú.

Mo gbé Corolla mi lọ bá Àlàájì ní Mọ́kọ́lá pé kó bá mi pààrọ̀ páàdì bíréèkì. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti gbé tẹlifíṣàn kékeré kan ka orí àpótí sípánà, ráálì Dákà ni wọ́n ń wò, eré ọkọ̀ inú aṣálẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ olú ìlú Sẹ̀nẹ̀gà. Ọjọ́ tó parí gan-an ni. Yazeed Al-Rajhi, ọmọ Saudi, ló gba ipò kìíní nínú àwọn onímọ́tò, ọmọ Saudi àkọ́kọ́ tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀, orí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ló sì ti ṣe é. Hilux ló wà. Kò sí ọjọ́ tí Hilux kì í wọ ṣọ́ọ̀bù Àlàájì, ni àwọn ọmọ iṣẹ́ bá pariwo bí ẹni pé ará ilé wọn ló borí.

Mo ní, "Àlàájì, ẹ wá wo Dákà, ó ti parí o."

Ó ní, "Dákà wo, Ìyá Tóbi? Ẹni tó bá gbé Àbíjàn mọ Dákà. Ibi tí wọ́n ń fi hàn yẹn kọ́." Ó tú nọ́ọ̀tì kan sí i, ó jù ú sínú agolo. "Àwọn tó ń sáré yẹn, wọ́n kọjá lára wa ni. Wọn ò dúró."

Láti ìgbà tí mo wà ní yunifásítì ni mo ti máa ń wo eré yìí ní gbogbo oṣù Kínní. Mo mọ orúkọ àwọn awakọ̀, mo mọ ọdún tí ẹni kọ̀ọ̀kan borí. Ṣùgbọ́n n kò bi ara mi léèrè rí pé nígbà tí wọ́n bá ní orílẹ̀-èdè kan "gba ráálì lálejò", kí ni orílẹ̀-èdè náà gbà ní ti gidi? Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Àlàájì, gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa eré náà yí ojú padà sí mi.

Ọmọ Èjìgbò ní Treichville

Ọmọ Èjìgbò ni Àlàájì, nítorí náà ẹ ti mọ èyí tó kù: Àbíjàn ni wọ́n ti tọ́ ọ. Bàbá rẹ̀ ń ta aṣọ ní Treichville, àdúgbò kan níbẹ̀. Nígbà tí mo padà lọ bá a lọ́sẹ̀ kejì pé kó là á yé mi, ó nu ọwọ́, ó jókòó sórí táyà, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti ọdún 1982, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 16.

Côte d'Ivoire ní ráálì tirẹ̀. Ọdún 1969 ni wọ́n dá a sílẹ̀, orúkọ odò Bandama ni wọ́n sì fi ń pè é. Ọ̀nà rẹ̀ burú débi pé lọ́dún 1972, kò sí ọkọ̀ kan ṣoṣo tó dé òpin. Nígbà tó di ọdún 1978, wọ́n gbà á wọlé sínú ìdíje ráálì àgbáyé, èyí tí à ń pè ní WRC. Bí àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ńláńlá ilẹ̀ Yúróòpù àti ti Japan ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wá sí Àbíjàn nìyẹn. Jean-Pierre Nicolas ló gba ti ọdún àkọ́kọ́ yẹn, Peugeot 504 ló sì fi gbà á.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí Peugeot yẹn. Bàbá mi ní 504 kan, aláwọ̀ eérú, tí wọ́n tò ní Kàdúná. Ọdún 1975 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Ọdún yẹn kan náà ni Ove Andersson, ará Sweden, fi 504 gba ráálì Safari ní Kẹ́ńyà. Gbogbo ìgbà tí bàbá mi bá ti wọ kòtò ní ọ̀nà Ifẹ̀ tó sì jáde, yóò ní, "Ọkọ̀ yìí ò mọ kòtò." Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ráálì lòun ń sọ. Orí ọ̀nà eléruku ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti dán ọkọ̀ náà wò lójú gbogbo ayé, orí rẹ̀ náà ni òkìkí rẹ̀ ti kàn, òkìkí yẹn ni wọ́n sì padà wá tà fún wa pẹ̀lú ọkọ̀. N kò bínú sí i, ọkọ̀ náà dára lóòótọ́, òun ló sì gbé èmi àti àwọn àbúrò mi lọ síléèwé. Mo kàn fẹ́ ká mọ ìdí tí àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyẹn fi ń ná owó tó tó bẹ́ẹ̀ láti wá bá ọ̀nà burúkú jà. Ọ̀nà wa ni ẹ̀rí tí wọ́n ń wá.

Àlàájì ní lọ́dún 1982, obìnrin kan ló ń ṣíwájú. Michèle Mouton ni, ará Faransé, nínú Audi Quattro. Bó bá gba ráálì yìí, ipò asíwájú gbogbo awakọ̀ ráálì lágbàáyé ṣì lè di tirẹ̀. Bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nílé bí eré ṣe ń bẹ̀rẹ̀, ìyá rẹ̀ ló ní kó máa bá a lọ. Àlàájì àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò mọ ìyẹn nígbà náà. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé wọ́n dúró lẹ́bàá ọ̀nà látàárọ̀, àti pé ìyá alákàrà kan tó gbé igbá sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ní òun ò lọ síbì kankan àfi tí òun bá fojú òun rí obìnrin tó ń lé àwọn ọkùnrin sẹ́yìn.

Ìró ọkọ̀ ló kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà eruku pupa. Àlàájì ní, "Kó o tó sọ pé òun rèé, ó ti lọ." Eruku bo ìyá alákàrà, bo àkàrà rẹ̀, kò sì rí obìnrin náà. Gíà ọkọ̀ Mouton ti dá a dúró, ọkọ̀ náà sì kú sọ́nà kí ráálì tó parí. Walter Röhrl, ará Jámánì, ló gba ráálì náà, òun ló sì gba ipò asíwájú àgbáyé. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn hẹlikópítà, àwọn táyà tí wọ́n tò bí ògiri, àwọn mẹkáníìkì òyìnbó tí wọ́n wọ aṣọ kan náà, gbogbo wọn ti kúrò ní Àbíjàn.

Báyìí ni ó ń rí lọ́dọọdún títí di ọdún 1992, ọdún ìkẹyìn tí Côte d'Ivoire wà nínú WRC. Lọ́dún 1991, Kenjiro Shinozuka borí níbẹ̀, ó sì di ọmọ Japan àkọ́kọ́ tó gba ráálì àgbáyé. Ìtàn ìdùnnú ni fún àwọn ará Japan, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nígbà tí mo bi àwọn ọmọ iṣẹ́ Àlàájì, tí wọ́n mọ Dákà bí ẹni mowó, kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó mọ̀ pé ráálì àgbáyé ti wà rí ní Àbíjàn, tí kò ju ìrìn ọjọ́ méjì síbi tí wọ́n jókòó sí.

Lisbon, ọjọ́ 4 oṣù Kínní ọdún 2008

Ọjọ́ kan wà tí mo máa ń padà sí nínú ìrònú yìí. Ẹ ti mọ bí Dákà ṣe bẹ̀rẹ̀: Thierry Sabine, ará Faransé tó dá a sílẹ̀, tó sọnù nínú aṣálẹ̀ lọ́dún 1977, àti ọ̀wọ́ ọkọ̀ tó gbéra ní Párìsì ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 1978. N kò ní tún ìyẹn sọ. Ọjọ́ tí mò ń wí ni ọjọ́ 4 oṣù Kínní ọdún 2008, nígbà tí gbogbo wọn ti pé sí Lisbon ní Pọtogí, tí wọn yóò gbéra lọ́jọ́ kejì.

Ó ju 500 ọkọ̀ àti alùpùpù lọ. Wọ́n ti yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n ti lẹ nọ́ńbà mọ́ wọn lára. Kì í ṣe àwọn ilé iṣẹ́ ńlá nìkan ló wà níbẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń gun alùpùpù jẹ́ èèyàn bíi tèmi tìrẹ, tí wọ́n ti ń tu owó jọ láti ọdún pípẹ́ kí wọ́n lè rí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yìí ṣe. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá, wọ́n ti yìnbọn pa àwọn ará Faransé mẹ́rin kan tí wọ́n ń rìnrìn àjò nítòsí Aleg ní Mauritania. Ìpele 15 ni ráálì náà ní lọ́dún yẹn, 8 nínú rẹ̀ ló wà ní Mauritania. Ìjọba Faransé ti kìlọ̀ pé kí àwọn èèyàn wọn má lọ. Ewu tí àwọn agbésùmọ̀mí fi ń dẹ́rù bani sì ti dojú kọ ráálì náà gan-an.

Ní ọjọ́ náà, àwọn tó ni ráálì náà kéde pé kò ní wáyé mọ́. Kò ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Mo rántí àwòrán àwọn awakọ̀ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ wọn, tí wọn ò mọ ibi tí wọn yóò gbé ọwọ́ sí.

Mo fẹ́ sọ èyí kedere: n kò rò pé ìpinnu yẹn burú. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ̀mí èèyàn ju eré lọ, ẹni tó bá sì kó èèyàn tó ju 500 lọ sínú ibi tó mọ̀ pé ìbọn lè ti dún yóò ní ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn. Ohun tó ń dùn mí kọ́ nìyẹn.

Ohun tó ń dùn mí ni ibi tí wọ́n ti ṣe ìpinnu náà. Ìjọba Mauritania ti ṣètò ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀ṣọ́ sójú ọ̀nà. Àwọn onílé ìtura àtàwọn olóńjẹ ní Atar ti ń retí owó tó máa ń wọlé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ní Dákà fúnra rẹ̀, ìlú tí eré náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ mọ́ra láti 30 ọdún, wọ́n ń múra de àlejò. Kò sí ọ̀kankan nínú àwọn wọ̀nyí tó ní ọwọ́ nínú ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí. Ìròyìn ni wọ́n fi gbọ́ ọ, bí èmi náà ṣe gbọ́ ọ nílé mi.

Kí oṣù Kejì ọdún yẹn tó parí, wọ́n ti kéde ilé tuntun: Ajẹntínà àti Chile, fún ọdún 2009. Kò tó oṣù méjì. Níbi tí ọ̀rọ̀ Àlàájì ti wọ̀ mí lára nìyí. Bó bá jẹ́ pé onílé ni wá lóòótọ́, ṣé ìjókòó kan ní Yúróòpù lè kó ilé náà kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan? Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà kọjá, bí ọ̀nà kan bá dí, òmíràn ni yóò gbà. Kò sẹ́ni tó ń bẹ ọ̀nà pé kó má bínú.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ sì ti wà tẹ́lẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ rí i. Lọ́dún 2000, nígbà tí ewu wà ní Nìjẹ̀r, wọ́n fi bàálù ẹrù ńláńlá gbé gbogbo ọkọ̀ ráálì náà láti Niamey lọ sí Libya. Wọ́n gba òkè orí àwọn tó ti ń retí wọn kọjá. Lọ́dún 2006, ọmọ ọdún 10 kan kú ní Gínì, ọmọ ọdún 12 kan sì kú ní Sẹ̀nẹ̀gà lọ́jọ́ kejì rẹ̀, ọkọ̀ ráálì ló gbá èkíní, ọkọ̀ akẹ́rù tó ń tẹ̀ lé ráálì ló gbá èkejì. Ìpele ọjọ́ kejì ṣì wáyé, eré sì parí. Àwọn ọmọ tí mò ń sọ yìí kò forúkọ sílẹ̀ fún eré kankan. Wọ́n jáde láti wòran ni, tàbí kí wọ́n sọdá sí òdìkejì.

Orúkọ tó bá wọn lọ

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé Dákà ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ ọmọ yìí lórúkọ, ṣùgbọ́n nígbà tó kó jáde, ó kó orúkọ náà dání. Ọjọ́ 21 oṣù Kínní ọdún 2007 ni ráálì yìí dé ẹ̀bá Adágún Pupa, Lac Rose, nítòsí ìlú Dákà, kẹ́yìn. Láti ìgbà náà, "Dákà" ti gbé Ajẹntínà, ó ti gbé Chile, Peru, Bolivia. Lọ́dún 2019, àwọn ìjọba yòókù fà sẹ́yìn nítorí owó, Peru nìkan ló kù. Lọ́dún 2020 ó kó lọ sí Saudi.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2009 tí mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́: ọdún àkọ́kọ́ tí eré náà kúrò ní Áfíríkà ni ọmọ Áfíríkà kọ́kọ́ borí nínú àwọn onímọ́tò. Giniel de Villiers, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ni. Nígbà tó yá, ní Kyalami lẹ́bàá Johannesburg, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Hilux tí wọ́n fi ń díje nínú ráálì yìí. Ìyẹn ni pé àwọn kan wà lára wa tí wọn ò kàn dúró sẹ́bàá ọ̀nà.

Èrò mi nípa orúkọ náà ni pé gbèsè ni. N kò sọ pé kí wọ́n pa orúkọ dà. Òwò ti wà lórí rẹ̀, mo sì mọ bí òwò ṣe ń rí. Ṣùgbọ́n bí ìlú kan bá fún ọ lórúkọ, tí o sì ń jẹun lórí orúkọ náà ní ilẹ̀ mìíràn fún ọdún tó ju 15 lọ, ó yẹ kí ìlú náà máa rí nǹkan gbà lọ́dọọdún tí ọmọ ibẹ̀ lè fi ọwọ́ kàn: ilé ẹ̀kọ́ mẹkáníìkì, tàbí owó ẹ̀kọ́ awakọ̀ ọ̀dọ́ méjì. Ní ti àwọn méjì kan tí wọ́n ti gba Dákà rí, Hubert Auriol àti René Metge, wọ́n dá ráálì mìíràn sílẹ̀, Africa Eco Race, tó ṣì ń sáré lọ sí Adágún Pupa. Kò ní owó bíi ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó rántí ọ̀nà. Àwọn tó ń wa iyọ̀ ní adágún yẹn máa ń fi òrí para kí omi iyọ̀ má bàa jẹ wọ́n lára. Nígbàkígbà tí mo bá ro Dákà báyìí, àwọn ni mò ń rí.

Ẹ máà jẹ́ kí n ṣe bí ẹni pé kò sí ọ̀rọ̀ lórí Saudi. Oṣù Kẹfà ọdún 2018 ni obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ní àṣẹ láti wakọ̀ níbẹ̀, kò tó ọdún méjì kí ráálì tó dé. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọ ènìyàn sọ pé eré ìdárayá ni ìjọba ibẹ̀ fi ń fọ orúkọ ara rẹ̀, mi ò sì rò pé wọ́n parọ́. Síbẹ̀, ohun tí mo rí ni pé wọn ò gbà láti jẹ́ ọ̀nà lásán. Lọ́dún 2022, Dania Akeel àti Mashael Al-Obaidan di obìnrin Saudi àkọ́kọ́ tó sáré Dákà. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí eré náà dé, ọmọ wọn gba ipò kìíní. Ọmọ ẹni kò ní í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń san owó lé lórí.

Àwọn tó di okùn mú

Láàárín ọ̀sẹ̀ tí mò ń ro èyí, ráálì Safari wáyé ní Kẹ́ńyà ní oṣù Kẹta, Elfyn Evans sì gbà á. Mo jókòó ti fóònù mi ní ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣùgbọ́n ojú tí mo fi wò ó ti yàtọ̀.

Kẹ́ńyà pàdánù ráálì àgbáyé bí Côte d'Ivoire náà ṣe pàdánù rẹ̀. Ọdún 2002 ni WRC ṣe ìkẹyìn níbẹ̀, lẹ́yìn tí owó àti ètò ti di ìṣòro. Wọn ò padà dé títí di oṣù Kẹfà ọdún 2021. Ọdún 19 gbáko. Kí ló wá mú kí èyí padà, tí ti Àbíjàn kò padà?

Ìdáhùn tèmi ni pé ráálì Safari kò kúrò nílé. WRC ló kúrò. Ọdún 1953 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ogún ọdún kí WRC tó wà láyé rárá. Joginder Singh, ọmọ Kẹ́ńyà tó jẹ́ mẹkáníìkì kó tó di olókìkí, gbà á ní 1965, 1974 àti 1976. Shekhar Mehta gbà á lẹ́ẹ̀marùn-ún. Nígbà tí àwọn òyìnbó kó ẹrù wọn lọ, àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ ilẹ̀ náà ń bá a lọ nínú ìdíje ti Áfíríkà, eré kékeré, owó kékeré, àwọn awakọ̀ wọn, àwọn mẹkáníìkì wọn. Nítorí náà nígbà tí ìjọba wọn ní òun fẹ́ dá a padà, nǹkan wà tí wọ́n fẹ́ dá padà.

Bí orílẹ̀-èdè ṣe ń wọ WRC kò rọrùn bí à ń rò. Owó nìkan ò tó. Wọn yóò ní kí o kọ́kọ́ ṣe ráálì ìdánwò, àwọn olùyẹ̀wò FIA, àjọ tó ń ṣàkóso eré ọkọ̀ lágbàáyé, yóò sì wá jókòó tì ọ́. Wọn yóò wò ó bóyá hẹlikópítà lè gbé ẹni tó fara pa dé ọsibítù lásìkò, bóyá rédíò rẹ ń dún láti ìpele dé ìpele, bóyá o ní àwọn èèyàn tó mọ bí wọ́n ṣe ń lé òǹwòran kúrò níbi ìkọ̀rọ̀ tí ọkọ̀ lè já bọ́ sí. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ṣòro jù. Owó lè ra hẹlikópítà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò dúró nínú oòrùn, tí yóò sọ fún ọgọ́rùn-ún èèyàn ládùúgbò rẹ̀ pé "ẹ sún sẹ́yìn" tí wọn yóò sì gbọ́, ọdún ló ń gbà láti ní irú rẹ̀. Oṣù Keje ọdún 2019 ni Kẹ́ńyà ṣe ìdánwò tirẹ̀, Baldev Chager, ọmọ ilẹ̀ náà, ló borí. Wọ́n fún wọn ní ọdún 2020, àrùn Kòrónà gbà á, ó di 2021.

Naivasha ni wọ́n fi ṣe ibùdó. Ilẹ̀ ibẹ̀ ní iyẹ̀pẹ̀ kan tó kúnná bí èlùbọ́, táyà á kàn rì sínú rẹ̀. Kalle Rovanperä, ọmọ Finland tó mọ ọkọ̀ wà bí idán, há sínú rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Thierry Neuville ló ń ṣíwájú di àárọ̀ Sunday, ó fi nǹkan bí ìṣẹ́jú kan ju ẹni tó tẹ̀ lé e lọ, ṣọ́ọ̀kì ọkọ̀ rẹ̀ sì já. Sébastien Ogier ló gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìsàlẹ̀ ìwé èsì náà: Onkar Rai ló ṣe ìkeje, Karan Patel ìkẹjọ, Carl Tundo ìkẹsàn-án. Ọmọ Kẹ́ńyà mẹ́ta nínú mẹ́wàá àkọ́kọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Maxine Wahome, ọmọbìnrin Kẹ́ńyà, gba ipò kìíní nínú ẹ̀ka WRC3 níbẹ̀. Mo rò pé ìyá alákàrà Treichville ì bá ti rí tirẹ̀ dáadáa.

Owó ìjọba ni ọ̀pọ̀ rẹ̀, àwọn ará Kẹ́ńyà kan sì ń béèrè bóyá kò yẹ kó lọ sí ọsibítù. Ìbéèrè gidi ni, àwọn ló sì ni ìlú, àwọn ni yóò dáhùn rẹ̀. Èyí gan-an ni ìyàtọ̀ tí mo rí: àwọn lè béèrè, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni ìpinnu náà wà. Ní Atar, lọ́dún 2008, kò sẹ́ni tí wọ́n lè bi.

Lọ́dún 2025, Paraguay àti Saudi wà lára ilé tuntun tí WRC lọ. Mo sì ti ń gbọ́ àwọn èèyàn wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń sọ pé Nàìjíríà náà lè gbà á, a ní òkè ní Ìdànrè, a ní ilẹ̀ pupa, a ní èrò tó lè wòran. Gbogbo ìyẹn la ní. Côte d'Ivoire náà ní i. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ara wa ni pé ráálì kékeré wo là ń ṣe báyìí tí ẹnikẹ́ni ò bá tiẹ̀ wá wò wá? Ta ni awakọ̀ wa? Ta ni yóò di rédíò mú ní ìpele kẹfà nígbà tí òjò bá ń rọ̀?

Gíà 504

Mo padà lọ bá Àlàájì ní ìparí oṣù Kẹta. Ọkọ̀ mi ò ṣe nǹkan kan, mo kàn fẹ́ bá a jiyàn. Mo ní, "Àlàájì, ẹ ní wọ́n kọjá lára wa, wọn ò dúró. Ṣé kò sí nǹkan kan tó kù lẹ́yìn wọn rárá?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní ọdún méjì lẹ́yìn ọjọ́ ìyá alákàrà yẹn, bàbá òun fi òun síṣẹ́ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Treichville. Ráálì ku ọjọ́ mẹ́rin, ni ọkùnrin ará ìlú kan tó fẹ́ fi 504 tara rẹ̀ wọlé bá gbé ọkọ̀ náà dé, gíà rẹ̀ ti fọ́. Kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ kankan, kò sí òyìnbó kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ tú gíà náà palẹ̀ sórí àpò sìmẹ́ǹtì, kò sùn lóru mẹ́ta, Àlàájì ló ń di tọ́ọ̀ṣì mú fún un. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ọ̀gá bá yọ nǹkan, á gbé e lé e lọ́wọ́, á ní, "Kí nìyí? Ibo ló ń lọ?" Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ọ̀gá á tún un fi hàn án.

"Ṣé ọkọ̀ yẹn parí eré?"

"Kò parí. Ó kú sọ́nà lọ́jọ́ kejì." Ó ní táyà ló fọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí èyí tó kù. "Ṣùgbọ́n gíà yẹn ò ṣe nǹkan kan o. Títí tí wọ́n fi fà á délé."

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ ti sún mọ́ wa, ó fẹ́ gbọ́. Àlàájì bẹ̀rẹ̀, ó mú igi kékeré kan, ó sì ń ya inú gíà 504 sórí iyẹ̀pẹ̀ fún un, eyín kọ̀ọ̀kan, bóòtù kọ̀ọ̀kan, ó ń bi í léèrè bó ṣe ń yà á lọ pé, "Kí nìyí? Ibo ló ń lọ?"